Osùn, Tìróò àti Ìpara: Ìtàn Ẹwà Aboyún ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ọkùnrin sì ni mí. N kò ì tíì gbéyàwó, n kò sì ì tíì bímọ. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi kì í ṣe àgbà, àmọ́ mo wà lọ́jà náà, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tó mú kí orí ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́. Ọwọ́ tèmi ni.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àkúrẹ́. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà. Bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo rí i pé iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, imú rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n fi èédú kùn ún. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gbé ìdí ìkòkò lé yín lójú?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé wá jẹun. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é.

Nígbà tí mo tún dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó pọ́n ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, oríkèé ìka rẹ̀ sì dúdú síbẹ̀. Ike ìpara kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀, kò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì; àpòpọ̀ tí wọ́n ń pò fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀ ni. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó ní, "Ìwọ náà lo sọ pé ojú mi dà bí ìdí ìkòkò." N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa fi ń pa ara nígbà oyún, láti ayé àtijọ́ títí di àsìkò tiwa, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Oǹdó ni ilé àwọn òbí wa, Àkúrẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ọ̀nà tó gba Bọ́lọ́rundúró kọjá ló sì so ìlú méjèèjì pọ̀. Bí a bá wo ìtàn ìlú méjèèjì dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Àwọn àgbà Àkúrẹ́ máa ń sọ pé Ọmọrẹ̀mílẹ́kún, tí a mọ̀ sí Aṣọdẹ́bóyèdé, ló tẹ ìlú náà dó, àti pé okùn àkún ọrùn ọba ló já tí wọ́n fi wí pé "Àkún rẹ́." Ohun ọ̀ṣọ́ ara ló wà nínú orúkọ ìlú náà. Ní ti Oǹdó, orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ìtàn tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní olorì kan bí ìbejì ní ayé ìgbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, a sì ní kí ìyá náà kó ọmọ rẹ̀ kúrò nílùú. Nígbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Púpupú, tí í ṣe obìnrin, ni ó di Ọṣemàwé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ olorì náà? Ara rẹ̀ ṣe ohun tí ojú àwọn ènìyàn kò fẹ́ rí ni. Ìlú tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bí kò yẹ kó fi ara aboyún ṣe ẹlẹ́yà.

Èdè ni mò ń kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ mi ti lè tẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun ẹwà. A máa ń kun osùn. A máa ń fi àdín tàbí òrí pa ara. A máa ń lé tìróò, a sì máa ń lé làálì. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, kun, pa, lé, ń fi nǹkan kún ara ni. Ohun tí a fi kún un, omi lè ṣan án, ọjọ́ sì lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ ìpara ti òde òní ni bó. A máa ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a máa ń bó èèpo igi, a sì wá ń bó ara. Yíyọ ni èyí ń yọ nǹkan kúrò. Bí a bá bó igi tán, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi náà. Àwọn tó ń ta ìpara mọ agbára ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dárúkọ rẹ̀. Wọn a ní ó ń mú ara dán, tàbí pé ó ń jẹ́ kí ara pọ́n díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá àtijọ́ kò mọ ara pupa yàtọ̀ sí ara dúdú. A mọ̀ ọ́n. A ń ki obìnrin kan ní adúmáadán, a sì ń ki èkejì ní apọ́nbéporé. Oríkì ni méjèèjì; kò sí èyí tí a fi bú ènìyàn nínú wọn. Ẹni dúdú kò ní láti di apọ́nbéporé kí ó tó gbọ́ oríkì tirẹ̀. Bí oyún bá sì dé, ọ̀rọ̀ àwọ̀ a tilẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ohun tí a ń sọ fún aboyún ni "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o," bí ẹni ń kí aláàárù tó ru ẹrù iyebíye. Ẹrù rẹ̀ ni a ń wò, a kì í wo ojú rẹ̀.

Ìyá àgbà wa ní Oǹdó, tí ilà kọ̀ọ̀kan gùn gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ará Oǹdó, ló sọ fún mi bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tirẹ̀. Igi osùn ni wọ́n ń lò, igi pupa tí àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń pè é ní Pterocarpus osun. Wọn a lọ̀ ọ́ lórí òkúta pẹ̀lú omi, wọn a pò ó mọ́ òróró. Wọ́n ń kùn ún fún ìyàwó tuntun, wọ́n ń kùn ún fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, wọ́n sì ń fi pa ọmọ náà lára. Bí oyún bá mú kí awọ ikùn máa yún obìnrin, òrí tàbí àdín ni wọ́n fi ń rà á. Ohun tó gba ọkàn mi jù nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni pé obìnrin kì í dá a ṣe. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ẹni tó ń pa á lára náà ló ń rí i bí ẹsẹ̀ bá wú, ló ń mọ̀ bí ara bá gbóná, bí ojú bá sì dúdú, a ní, "Oyún ni, yóò lọ."

Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a fi àtijọ́ ṣe òrìṣà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ìyá àgbà bá kàn ni ó dára. Ẹ wo tìróò. Òkúta dúdú tó ń dán ni wọ́n ń lọ̀ fún un, òkúta náà sì máa ń ní òjé nínú. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ olóṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wọ́n sì bá òjé níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Àjọ ìlera Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ CDC tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012: òjé kó ìpín 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò ọ̀hún. Òjé tó bá wọ ara ìyá a máa sá pamọ́ sínú egungun rẹ̀, bí ó bá lóyún, òjé náà a tún jáde sínú ẹ̀jẹ̀, a sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn ìyá wa kò mọ èyí, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń lé e. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a máa bèèrè kì í ṣe bóyá nǹkan jẹ́ ti àtijọ́ tàbí ti òyìnbó, bí kò ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti òyìnbó ọ̀hún náà kò fò dé lẹ́ẹ̀kan. Ní àwọn ọdún 1870 ni ìjọba Èkó ṣí ọ̀nà gba ilẹ̀ Oǹdó kí ọjà lè máa dé òkè láìgba ti Ìjẹ̀bú, ní 1877 sì ni Charles Phillips, oníwàásù ìjọ CMS, fìdí kalẹ̀ ní Oǹdó. Irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ òyìnbó, àtíkè, lọ́fínńdà àti dígí gbà wọ ilé wa. Àtíkè pẹ̀lú, fífi kún ara ni. Bí obìnrin bá fi omi bọ́jú, ó parí. Èyí tó ń bó ara kò wá láti ibi iṣẹ́ ẹwà rárá, ibi ìjàǹbá iṣẹ́ ni ó ti wá. Ní 1939, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran, tí àwọn ènìyàn dúdú wà lára wọn. Ọwọ́ wọn ń funfun bátabàta. Nígbà tí wọ́n wádìí, kẹ́míkà kan tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ló fà á. Mọ̀lẹ́bí hydroquinone ni kẹ́míkà náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń sunkún lé lórí ni ẹlòmíràn wá rọ sínú ike tó lẹ́wà, tó ń tà á.

Mẹ́kúrì, irin tí ń ṣàn bí omi, ti wà nínú ọṣẹ àti ìpara ní tirẹ̀. Ní 1972, àwọn dókítà ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà kọ̀wé pé àwọn obìnrin tó ń lo ìpara oní-mẹ́kúrì wà lára àwọn tí àrùn kídìnrín mú wá sọ́dọ̀ wọn. Ní 1975, ìròyìn jáde láti Gúúsù Áfíríkà pé hydroquinone tó yẹ kó mú ojú pọ́n ló tún ń sọ ojú di dúdú, tí kò sì ní í lọ mọ́. Orílẹ̀-èdè náà fòfin dè é nínú ìpara ní 1990. Nílẹ̀ tiwa, ọdún 1993 ni ìjọba fi òfin dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 2011 pé ìpín 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ohun tí ń bó ara. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò lè jiyàn lórí bí wọ́n ti kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kọjá kò ní pe ọ̀rọ̀ náà ní àlọ́. Àdéhùn Minamata ti 2013 ní kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú ìpara oní-mẹ́kúrì, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2018.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yin ará. Ìwàásù pàápàá kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1976, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé àwo orin Yellow Fever jáde láti fi bá àwọn tó ń bóra wí. Orin náà dùn, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí ohun tí orin kò lè ṣe. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í jáwọ́, ńṣe ni í wọ yàrá lọ tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ó dúdú, ó lọ bóra. Bí mo bá tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ó bóra, níbo ni ó tún kù tí yóò sá sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí oyún ń ṣe gan-an. Omi ìsúnniṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara aboyún a máa mú kí àwọ̀ ara rẹ̀ kún sí i. Ìlà dúdú kan a fà láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, orí ọmú a dúdú sí i, ojú obìnrin púpọ̀ a sì ní àbàwọ́n. Oòrùn a tún máa dá kún un. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ń rọra ṣá lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe àrùn. Ẹni tó ń fi ìpara lé e ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ń pa làpálàpá, nítorí pé ìpara náà lè wọ inú. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé ìpín 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún hydroquinone tí a bá fi para ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọn kò tíì rí i dájú pé ó ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tó ń wọlé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí aboyún yẹra fún un. Ní ti mẹ́kúrì, kò sí iyàn níbẹ̀: ó ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ìwádìí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n mú aboyún 99 tí oyún wọn wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. 68 nínú wọn ló ń bóra nínú oyún náà. 64 ń lo hydroquinone, 28 sì ń lo sítẹ́rọ́ìdì líle. Nígbà tí wọ́n fi gbogbo àwọn tó ń bóra wé àwọn tí kì í bóra, wọn kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì líle sọ́tọ̀, wọ́n rí i pé ibi ọmọ wọn kéré, àwọn tó sì bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n pọ̀ jù láàárín wọn. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó wà nínú ike ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Obìnrin tó ń ra àpòpọ̀ tí kò lórúkọ kò lè mọ èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìgbà tí ìyá àgbà wa wá láti Oǹdó ni ọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi tó yanjú. Ó wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fà á jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni o fi ń pa á? Gbé e wá kí n rí i." Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó ní, "Mo mọ osùn, mo mọ òrí, n kò mọ eléyìí. Gbé e lọ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ."

Ní ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, wọ́n ń wo ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ń jẹ àti oògùn tó ń lò. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fi ń para. Òun náà kò sọ, nítorí ojú ń tì í. Ọjọ́ tó gbé ike náà lé orí tábìlì ni dókítà tó mọ̀. Ó ní kó jáwọ́, ṣùgbọ́n kó máa wá fún àyẹ̀wò, nítorí ara tí sítẹ́rọ́ìdì ti mọ́ lára fẹ́ àbójútó bí a bá dá a dúró. Ó tún ṣàlàyé pé awọ tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti mú fẹ́lẹ́ kì í tètè jiná bí ó bá di pé kí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi hàn rí pé òun mọ bí a ti ń gba ọ̀nà ẹ̀sọ̀. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, di gómìnà ní 2009, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè láti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní 2010 sì ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ètò Agbẹ̀bíyè sílẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tí àwọn kan ti ń bú, owó ni wọ́n ń fún wọn nígbà náà bí wọ́n bá darí aboyún sí ilé ìwòsàn. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbọ́ orúkọ ètò náà lẹ́ẹ̀kan sí i: Àbíyè, kí a bí i, kó sì yè. Bí a bá lè fi irú ọgbọ́n yẹn bá àwọn tó ń po ìpara lò, bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá sì lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún èyí tó ń bi aboyún, láìyọ ṣùtì, láìrẹ́rìn-ín, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ fi ń para?", a ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là lọ́wọ́ ohun tí ojú kò rí.

Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ le. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìpara ló mú un kéré, èmi náà kò sì ní sọ ọ́. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àbàwọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ti padà, ó dúdú bíi ti ọjọ́ tí mo fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà pò òrí mọ́ osùn díẹ̀, ó ń fi í ra ẹsẹ̀ ọmọ. Nígbà tí ayàwòrán dé, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yẹra. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, mo ní kí ó forí jì mí. Ó ní, "Dìde, àbúrò mi, má jẹ̀ẹ́ kí aṣọ rẹ dọ̀tí." Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó sì jókòó kí wọ́n yà á.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá délé tí ẹ bá aboyún lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí i ní "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o," kí ẹ sì gbé ẹnu dúró níbẹ̀.